Bí Gàníyù Télọ̀ Ṣe Di Àlàájì Láìdé Mẹ́kà

Tí ẹ bá béèrè Gàníyù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ibo Road, ní Sábọ́n Gàrí, àdúgbò àwọn àlejò nílẹ̀ Haúsá, nígbà náà, wọ́n á ní kí ẹ tún un béèrè dáadáa. Àlàájì Télọ̀ ni kí ẹ wí, wọ́n á sì sìn yín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kò dé Mẹ́kà rí. Ó wí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ibi tó dé kò jọ Mẹ́kà lọ́nàkọnà, ibẹ̀ gan-an ló sì kó o sí wàhálà.

Ogun Hítílà ló gbé e lọ. Kò yìnbọn rárá. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n gbé kalẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì ń tún ṣòkòtò kakí àwọn sójà rán títí ogun fi parí. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé láti ìhà Íńdíà, ọkọ̀ wọn dẹnu kọlẹ̀ láàrin òkun, wọ́n bá yà sí àwọn erékùṣù wẹ́wẹ́ kan láti tún un ṣe. Tí mo bá ní wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ ni mo ní lọ́kàn. Ẹni tó dúró láàrin ìlú, tó yíjú sọ́tùn-ún, òkun. Tó yíjú sósì, òkun. Kò sí òkè, kò sí odò, kò sí erùpẹ̀ pupa. Funfun báláú ni ilẹ̀ wọn, igi àgbọn ló sì ga jù níbẹ̀. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, látorí ọba dórí apẹja. Wọ́n mú Gàníyù wọ mọ́sálásí wọn, ó bá wọn kírun, wọ́n fún un ní ẹja àti àgbọn títí inú rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Dókítà inú ọkọ̀ ló sọ fún un pé iyùn ni òkúta tí wọ́n fi kọ́lé wọn, pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké ló ń mọ ọ́n lábẹ́ òkun, tó ń ga díẹ̀díẹ̀. Gàníyù ṣa ẹyọ kan sápò. Ó funfun, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin.

Ohun tó ń fẹ́ gan-an nígbà tó délé ni kó gbé Àsíátù níyàwó, ọmọ tó ti ń dúró dè é láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ sójà. Bàbá Àsíátù ni Bàbá Jímọ́ọ̀ tó ń ta aṣọ ní ọjà Kantin Kwari. Kò rí àbùkù kankan lára Gàníyù, àfi pé ó ní òun kò ní fọmọ fún òpùrọ́ láéláé. Ó jókòó, ó gbọ́ ìròyìn erékùṣù náà délẹ̀.

"Kí lo ní wọ́n fi kọ́lé?" ló béèrè.

"Iyùn ni, Bàbá. Tiwọn ló kàn funfun."

"Iyùn tí ìyá mi dì mọ́ gèlè, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn títí ó fi kú? Ilé ìdáná wọn ńkọ́?"

"Òun náà ni wọ́n fi kọ́ ọ."

"Òkúta náà sì ń dàgbà?"

"Lábẹ́ omi ni, Bàbá."

Bàbá Jímọ́ọ̀ ṣí fìlà, ó họ orí. "Gàníyù, ìwọ kì í ṣe ọmọ burúkú. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ò ní wọ ilé tí òkúta ti ń dàgbà."

Àwọn ará Sábọ́n Gàrí ní tiwọn ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ wọn gba orí òkun lọ, ó kírun láàrin àwọn Mùsùlùmí tí kò gbédè wọn, ó gbé òkúta bọ̀. Ibo ló tún kù tí kì í ṣe Mẹ́kà? Amudat, ẹ̀gbọ́n Gàníyù obìnrin, ló kọ́kọ́ ki òkúta náà bọ omi, tó ní kí ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe mu ún. Lọ́jọ́ kejì, àwọn aboyún ti tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́. Gàníyù ń lé wọn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó padà lọ bẹ Bàbá Jímọ́ọ̀. Ìyẹn ní, "Ìwọ náà gbọ́. Gbogbo èèyàn ní Mẹ́kà lo lọ. Sọ pé ibẹ̀ ni, kí n fún ọ ní ìyàwó rẹ, kí oníkálukú lọ sinmi."

Gàníyù wolẹ̀. Ó fẹ́ràn Àsíátù débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Gbólóhùn kan péré náà ni. Ṣùgbọ́n Mẹ́kà kì í ṣe ohun téèyàn ń fi purọ́, ẹ̀rù Ọlọ́run sì ń bà á.

"N ò lọ, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà sú Bàbá Jímọ́ọ̀. Ó fà á lọ sọ́dọ̀ Àlàájì Yàhàyá, Haúsá tí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ni Yàhàyá fi rìn lọ sí Mẹ́kà nígbà èwe rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù. Inú Gàníyù dùn. Ẹni tó mọ Mẹ́kà yóò mọ̀ pé òun kò dé ibẹ̀.

"Sánnu, Àlàájì," ni Yàhàyá fi kí i. Èdè Haúsá ni wọ́n ń sọ.

"Èmi kì í ṣe Àlàájì, Bàbá."

"O rí Kábà?"

"N ò rí i."

"O mu omi Samsam?"

"Omi àgbọn ni mo mu."

"Búra."

Gàníyù fi Ọlọ́run búra pé òun kò dé Mẹ́kà rí. Yàhàyá gba òkúta náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì fi kan iwájú orí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Bàbá Jímọ́ọ̀.

"Àwọn tó ti búra fún mi pé àwọn dé Mẹ́kà, tí wọn ò kọjá Màídúgùrí, pọ̀ lọ súà. Èyí tó ń búra pé òun ò dé ibẹ̀, òun ni mo kọ́kọ́ rí. Èrè wo ló máa rí nínú ìyẹn? Ó lọ. Ìgbéraga ló ń sá fún. Ká ní mo lọ́mọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ni, n kò ní fi ọkùnrin yìí sílẹ̀ fún ọ."

Gàníyù ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Jímọ́ọ̀ ti dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. "Má wí nǹkan kan mọ́, ọkọ ọmọ mi. Ó ti yé mi."

Lọ́jọ́ yìgì, Àfáà pè é ní Àlàájì lójú gbogbo èrò. Gàníyù ní, "N ò lọ o." Gbogbo wọn ṣe àmín.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì nínú yàrá, Àsíátù mú òkúta náà, ó ń wo inú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ń mọ èyí," ó ní, "kí ni wọ́n ń jẹ?"

Gàníyù tẹjú mọ́ ọn. Látìgbà tó ti dé, kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "N ò mọ̀," ló wí. "O gbà mí gbọ́?"

"Ẹ ò purọ́ fún mi rí. Kí ló dé tí n kò ní gbà yín gbọ́?"

Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀, ìyá Àsíátù kan ilẹ̀kùn, ó gbé abọ́ omi lọ́wọ́. "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, eékún ni. Ẹ bá mi fi òkúta yẹn kan omi yìí."

Àsíátù dìde, ó ki òkúta bọ abọ́ ìyá rẹ̀, ó yọ ọ́, ó ní, "Àlàájì ní á san yín, Màmá." Ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ń fi etí ìró nu òkúta náà.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ìyá mi ni. Ó yá, ẹ sọ ti erékùṣù yẹn fún mi, ẹ má fo ibì kankan."

Gàníyù nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ti dẹnu kọlẹ̀.