Ìjókòó Méjì sí Wídà

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ní Ìhunbo ni pé Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé gbé òkú ìyàwó rẹ̀ sọdá bọ́dà, pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá òkú dúró, wọ́n ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òkú ti ń sọ Faransé.

Ẹ̀gẹ́ ni bàbá yìí ń gbìn. Ó ti wú ẹ̀gẹ́ tó lè bo gbogbo Ìpokíà mọ́lẹ̀. Ogún ọdún gbáko ni Àṣìkẹ́, ìyàwó rẹ̀, fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun lọ wo òkun ní Wídà, ìlú èbúté àtijọ́ tó wà ní òdìkejì bọ́dà. Èsì kan náà ni bàbá ń fún un lọ́dọọdún: "Jẹ́ ká wú ẹ̀gẹ́ yìí tán ná."

Ẹ̀gẹ́ ò tán. Àṣìkẹ́ ló tán, nígbà òjò tó kọjá.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, bàbá sanwó ìjókòó méjì nínú mọ́tò ní Owódé. Ó gbé gèlè Àṣìkẹ́ sórí ìkejì, ó fi bẹ́líìtì dè é.

"Bàbá, ta ló jókòó síbẹ̀ yẹn?" ni dẹ́rẹ́bà bi í.

"Ìyàwó mi ni."

Dẹ́rẹ́bà wo gèlè, ó wo bàbá. "Ẹ káàárọ̀, mà," ló sọ fún gèlè, ó sì gbéra.

Ní Wídà, ẹni tó ń mú àlejò kiri sọ ìtàn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba etíkun yẹn lọ, tí wọn ò padà wálé mọ́. Àwọn àlejò yòókù ń ya fọ́tò bí ẹni pé òkun máa kógbá wọlé lọ́la. Bàbá na gèlè síwájú omi. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Omi ń lọ, omi ń bọ̀.

Nígbà tó fi máa padà dé, Ìhunbo ti tún ìtàn náà ṣe. Nílé ẹ̀rọ gààrí, Jemima, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan án, ń sọ ọ́ nídìí agbada pé òkun dìde kí Àṣìkẹ́, pé Àṣìkẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ń sunkún, gààrí ń jóná. Bàbá wọlé bá wọn.

"Jemima, òótọ́ ni mo sanwó ìjókòó méjì. Ṣùgbọ́n gèlè ni mo gbé, kì í ṣe òkú."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Màmá ṣáà padà rí òkun náà."

"Kò rí i. Èmi nìkan ni mo rí i. Tí ẹ bá máa sọ ọ́, ẹ sọ pé èmi ni mo ní kí Àṣìkẹ́ dúró kí ẹ̀gẹ́ tán."