Oríkì Ará Rhayader ní Houston

Ká má parọ́, Adébùnmí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìwé kíkà. Láti apartment rẹ̀ ní Houston, á wa mọ́tò lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó láràárọ̀, á wẹ̀ wọ́n, á fún wọn lóúnjẹ, ó parí. Àmọ́ lọ́dún 1984, ọ̀rọ̀ Màmá Helen sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ tipátipá.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni màmá náà. Helen lásán làwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń pè wọ́n. Ẹnu Adébùnmí ò gbà á láé. Ọjọ́ kẹrin rèé tí wọn ò jẹ, tí wọn ò sọ̀rọ̀. Dókítà ní tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì, òun á ti rọ́bà bọ̀ wọ́n nímú láti máa fi bọ́ wọn. Ìyá Adébùnmí fúnra rẹ̀ kú sí Ìkìrun lọ́dún tó kọjá, kò sí níbẹ̀ láti fi síbí kan ṣoṣo sí wọn lẹ́nu. Ó dùn ún títí dòní.

Paul, ọmọ Màmá Helen, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọpo ní Deer Park, mú ìwé pẹlẹbẹ kan wá: ìtàn Rhayader, ìlú kékeré tí ìyá rẹ̀ ti wá ní Wales, àtàwọn ibi tí àlejò lè lọ wò nítòsí rẹ̀. Adébùnmí kà á tán nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó bú sẹ́rìn-ín. Oríkì rèé! Ta ni wọ́n á ki oríkì ìlú rẹ̀ tí orí rẹ̀ ò ní wú?

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé abọ́ óòtì, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi èdè òyìnbó kì wọ́n:

"Ọmọ Rhayader, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta! Wọ́n fọ́ àpáta kọ́ afárá, omi ò já mọ́, orúkọ tó fún ìlú ò kúrò! Ọmọ àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ obìnrin lọ fọ́ géètì agbowó-òde lójú ọ̀nà! Ọmọ ògiri gàgàrà tó sé odò, tí ayé ń wá wò! Ọmọ afún-Birmingham-lómi-mu!"

Màmá Helen lajú. Omijé ń dà.

"Ilé bàbá mi ló wà lábẹ́ omi yẹn. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí wọ́n kó wa kúrò kí wọ́n lè fomi bò ó. Ta ló fún wọn lómi? Wọ́n gbà á ni!"

Yéè! Adébùnmí fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó ti fi ọgbẹ́ ẹni ki ẹni.

"Ẹ forí jì mí, Mà. Ìwé ló tàn mí." Ó fẹ́ gbé abọ́ kúrò.

Màmá Helen di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tún un sọ. Yọ ìyẹn kúrò, fi ilé wa sí i."

"Kí ni kí n sọ nípa ilé yín, Mà?"

"Igi ápù méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ajá wa ò sì mọ èèyàn bù jẹ."

Adébùnmí bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ onígi ápù méjì lójúde! Ọmọ alájá tí kì í bu àlejò jẹ!"

Màmá Helen la ẹnu. Adébùnmí yára fi síbí sí i. Wọ́n jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n gbé e mì.

"O ò tíì dárúkọ àwọn àgùntàn wa," ni wọ́n wí.