Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Gbe Orin Mi ní Àpápá

Òórùn ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ máa ń kí èèyàn káàbọ̀ sí òpópónà tí sítúdíò yẹn wà ní Àpápá. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ àlìkámà kò jìnnà síbẹ̀, tí atẹ́gùn bá sì ti fẹ́ wá, ńṣe ló máa dà bíi pé wọ́n ń yan búrẹ́dì lẹ́yìn ògiri. Kíréètì ẹyin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ara ògiri yàrá ìgbohùn kí ariwo tírélà má bàa wọlé. Ẹni tó bá gba orin sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn á rántí irú sítúdíò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wádún 1980 ti ń parí lọ nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé girama ní Ajégúnlẹ̀, orí mi sì kún fún orin. Bàbá mi ń já ẹrù lára bájì, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù, ní Kírìkírì, wọn ò sì fẹ́ kí èjìká mi bó bíi tiwọn. Wọ́n ti bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ pé kó gbà mí sí iṣẹ́ akọ̀wé, wọ́n ní kí n wá láàárọ̀ ọjọ́rú. Ọjọ́rú yẹn gan-an ni ẹnjiníà sítúdíò fún mi láyè láti gba orin àkọ́kọ́ tí mo kọ sílẹ̀. Sítúdíò ni mo lọ. Ìyá mi nìkan ni mo sọ fún.

Aránṣọ kan ní àdúgbò wa ló ń dá orin náà. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì ti gba tirẹ̀ tán kó tó di ọ̀sán, àmọ́ àwọn elégbè kò yọjú. Wọ́n sọdá sí erékùṣù Snake Island lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọn ò tíì rí ọkọ̀ ojú omi padà. Ibi tí mo ti ń ronú ohun tí màá ṣe ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Bàbá mi ló wọlé, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì, ìpẹtà irin ṣì wà lára aṣọ iṣẹ́ wọn.

Bàbá mi ò pariwo. "Ọ̀gá jókòó dè ẹ́ láti àárọ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ṣe onídùúró fún ẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ tòun ti hẹ́dìfóònù lọ́rùn. Ojú tì mí gan-an. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àwọn elégbè ṣe jẹ́. Ẹnjiníà, tó ti ń wò wá látẹ̀yìn gíláàsì, bá dá sí i, ó ní ṣé Bàbá lè bá wa gbè é lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ohun tí ẹnjiníà ò mọ̀: bàbá mi ló máa ń dá orin fún wọn nígbà tí ẹrù bá wúwo.

Bàbá mi ní ká kọ́kọ́ jẹ́ káwọn gbọ́ ọ. Nígbà tó parí, wọ́n mi orí.

"Ó ti yára jù. Kí ló ń lé yín? Èèyàn ò ríbi mí nínú rẹ̀."

Mo fẹ́ jiyàn, àmọ́ ẹnjiníà ti ń dín ìyára ìlù inú ẹ̀rọ kù. Aránṣọ tún tirẹ̀ kọ, ó bá a mu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn àgbà mẹ́ta náà wá yí gbohùngbohùn kan ṣoṣo ká. Ikọ́ bá ọ̀kan nínú wọn jà, a tún un ṣe. Bàtà iṣẹ́ wọn ń dún gbì gbì nílẹ̀, a ní kí wọ́n bọ́ ọ. Nígbà kẹta, bàbá mi pajú dé, ohùn wọn sì gbé orin yẹn sókè débi pé mi ò mọ̀ ọ́n ní tèmi mọ́.

Ẹlòmíì ló gba iṣẹ́ akọ̀wé. Orin náà ò lókìkí kọjá Ajégúnlẹ̀ àti Ìjọra, ṣùgbọ́n òun ló mú káwọn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi kiri pé kí n kọ orin fún àwọn. Bàbá mi ò sọ pé àwọn gbà, wọn ò sì sọ pé àwọn ò gbà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sítúdíò dé, mo ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ tí ìyá mi ń béèrè mi nínú ilé.

"Ó wà níbi iṣẹ́," ni bàbá mi dáhùn. "Bo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀."

Àwọn èèyàn ti fi orúkọ ńláńlá pè mí látìgbà náà. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi tó ọ̀rọ̀ yẹn: ibi iṣẹ́.