Ojú Tí Kì í Wo Ilẹ̀

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Martha sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ ló sì ti fi ogójì ọdún rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin fún ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kì í gba àbùkù. Bí o bá ní apá aṣọ kan gùn ju èkejì lọ, yóò ní apá tìrẹ ni kí o lọ wọ̀n.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Díákónì Simon, ọkọ rẹ̀, bí. Jayéọlá lorúkọ rẹ̀, ológun òfuurufú ni ní Amẹ́ríkà. Sátẹ́láìtì kan ló ń bójú tó níbẹ̀, èyí tí àwọn ológun fi ń ṣọ́ gbogbo ohun tó ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn gbé ojú tiwọn kọ́ òfuurufú. Jayéọlá ní ohun tí kò ju àpótí aṣọ lọ, bó ti wù kó jìnnà tó, yóò rí i. Martha bi í bóyá ó ń rí òun náà. Ọmọ fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, gèlè tí ẹ wé ní Sunday yẹn mà dáa o." Gèlè ọ̀hún sì dáa lóòótọ́.

Láti ìgbà náà, bí Martha bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, yóò dúró láàárín àgbàlá, yóò gbójú sókè, kó tó wọlé. Díákónì a máa fi í rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun náà a rọra tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Lóṣù Kẹta, Jayéọlá pè pé wọ́n ń kó àwọn lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọn kì í ti í lo fóònù, ó di oṣù mẹ́ta. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi gbé Díákónì ṣubú ní balùwẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a.

Olúwakẹ́mi, àbúrò olóògbé, béèrè ẹni tí yóò túfọ̀ fún Jayéọlá. Ikú bàbá ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Àgbà ló ń fẹ̀sọ̀ sọ ọ́ létí ọmọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Martha wí. "Ó ń wò wá."

Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí wọ́n gbé pósí dé àgbàlá, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sínú oòrùn, kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta agbòjò sí i. Ó dúró tì í títí ó fi dá a lójú pé ọmọ ti rí ojú bàbá rẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn èèyàn ní ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú. Kí ni ì bá tún jẹ́?

Ohun tó wá ń dùn ún ni pé ọmọ rí gbogbo rẹ̀, kò sì wá ọ̀nà kankan láti ránṣẹ́ sí i. Oṣù méjì gbáko ló fi bínú.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, fóònù dún. Jayéọlá ni, inú rẹ̀ ń dùn.

"Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fún Dádì ní fóònù, mo ti ra aago ọwọ́ tí wọ́n ní kí n rà."

"Ṣé o ò rí wa ni?" ni Martha béèrè. "Sátẹ́láìtì yín ńkọ́?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà á gbọ́? Mo kàn fi yín ṣeré ni. Kì í wo ilẹ̀ rárá, Mọ́mì. Àwọn nǹkan òkè nìkan ló ń ṣọ́."

Martha jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sí àgbà kankan nítòsí tí yóò bá a sọ ọ́, òun náà ló sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

"Jayéọlá," ó ní, "mo ní kí wọ́n ṣí pósí náà, kí o lè rí wọn."

Ẹ̀rín ọmọ dá.

"Pósí ta ni, Mọ́mì?"