Ẹ̀pẹ́ Tó Wà Lórí Igbá Màámi

Òórùn sítáàṣì ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Màámi á ti gbé páànù ka orí sítóòfù kẹrosíìnì lẹ́yìn ilé, á máa rò ó títí á fi ki, tí á sì máa dán. Kì í ṣe torí aṣọ ló ṣe ń sè é o. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló fẹ́ fi lẹ̀. Òórùn náà kan díẹ̀, ó sì máa ń bá ẹja yíyan ilé kejì àti atẹ́gùn ọ̀sà pàdé lójú fèrèsé wa. Mo ti gbé ibi púpọ̀ láti ìgbà yẹn, n kò tún gbóòórùn rẹ̀ níbì kankan mọ́.

Ẹ̀pẹ́ la wà nígbà náà, láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, tí ẹni tó bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gun òkè lọ dúró bí ẹni tó ń wo oṣù ààwẹ̀. Bàbá mi ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹja láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀jìnrìn. Màámi ń kọ́ wa ní pírámárì fóò. Mo ní "wa" torí èmi náà wà nínú kíláàsì rẹ̀. Nílé, Màámi ni. Bí a bá ti wọ géètì ilé ìwé, Àǹtí ni. Bí mo bá ṣèèṣì pè é ní Màámi, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, òun á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì pé. Àkókò ìsinmi ló fi ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó sì ku kí sùpáfáísọ̀ kan wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì kó wo bó ṣe ń kọ́ni. Wọ́n ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fìdí rẹmi. Wọ́n ní ẹnu àti ṣọ́ọ̀kì nìkan ló ń lò, kò ní ohun èlò ìkọ́ni. Bó bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́ fún bàbá mi. Màámi tí ohùn rẹ̀ máa ń dé òpópónà, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Glóòbù kan ṣoṣo wà nílé ìwé wa. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ló wà, wọ́n tì í ní àgádágodo, torí ọwọ́ ọmọ á bà á jẹ́. Bí Màámi ṣe pinnu láti mọ tirẹ̀ nìyẹn. Ìyá bàbá mi fi igbá ńlá méjì ránṣẹ́ láti Ẹ̀jìnrìn. Màámi dé wọn ní ẹnu ko ẹnu, ó so wọ́n pọ̀, ó sì ń fi sítáàṣì lẹ ìwé ìròyìn mọ́ wọn lára, ìpele kan ní Sátidé kan. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ló máa ń wí bí mo bá ń kánjú. Ibi tí ẹnu igbá méjèèjì ti pàdé ló fi ṣe ìlà tó pín ayé sí méjì. Búlú ìfọṣọ ló fi kun òkun. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù lára ti ọkọ̀ bàbá mi ló fi kun ilẹ̀.

Àmọ́ ẹnu ọ̀kan nínú àwọn igbá náà ti kán. Ìwé tó kì bọ ibẹ̀ wú nígbà tó gbẹ, ó yọ kókó síta bí oówo, lókè ìlà náà gan-an, ní etí òkun Áfíríkà. Ó fi ọ̀bẹ ha á, ìwé fẹ́ ya. Ó jókòó, ó ń wò ó. Nígbà tó yá ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé ọ̀dà pupa wá.

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ," ló wí, ó kun kókó náà, ó sì kọ orúkọ ìlú wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀pẹ́ rèé."

Mo sọ fún un pé Ẹ̀pẹ́ yìí tóbi ju Gánà lọ. Ó ní kí n di ojú, kí n wá a. Mo fi ìka rìn lórí òkun títí mo fi kọsẹ̀ lára ìlú wa. Inú mi dùn dé ibi tí mo fi ní kó fún mi ní glóòbù náà. "Bí mo bá ti yege, tìẹ ni," ló wí. Láti ọjọ́ náà, àdúrà méjì ni mò ń gbà lẹ́yìn ìrun: kí Màámi yege, kí gbogbo ayé sì di tèmi.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí sùpáfáísọ̀ dé. Ọkùnrin sísanra kan ni, ó wọ awò ojú, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì wa. Bí Màámi ti ṣí aṣọ lórí igbá, ó dìde wá wò ó.

"Màdáàmù, kí lèyí? Ẹ̀pẹ́ ló tóbi báyìí? Èkó fúnra rẹ̀ wá ńkọ́?"

Màámi tún ìró rẹ̀ ró. "Ẹ má bínú, sà," ló fèsì. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí wọn ò bá mọ ibi tí wọ́n dúró sí, ibo ni wọ́n fẹ́ gbà débi tó kù?"

Ọkùnrin náà padà lọ jókòó. Màámi wá ní ká máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ká di ojú, ká wá Ẹ̀pẹ́, ká sì gba ibẹ̀ lọ sí Mẹ́kà níhà ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ẹyọ tẹ̀sùbáà kan ló lẹ̀ mọ́ ibi tí Mẹ́kà wà. Àwọn ọmọ tí kì í dáhùn ìbéèrè rí ń pariwo pé, "Àǹtí, mo ti dé!" Ọ̀kan ṣìnà, ìka rẹ̀ bọ́ sínú òkun, la bá ń kígbe pé, "Ó ti rì!" Àṣé sùpáfáísọ̀ ti tún dìde. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó di ojú, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ títí ìka rẹ̀ fi kan ẹyọ tẹ̀sùbáà náà.

"Alhamdulilaahi," ló wí. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí n kò retí. Ó ní glóòbù náà á bá òun lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí bí a ti ń ṣe é. Màámi wò mí. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé rárá fún ẹni tó di ìwé máàkì rẹ̀ mú lọ́wọ́? "Ẹ máa gbé e lọ, sà." Ó gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Mo gbàgbé ibi tí a wà, mo ké pé, "Màámi!" Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Ó yege. Wọ́n gbé e lọ sí Ìkòròdú, a sì fi Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀. Ó ṣèlérí pé òun á mọ òmíràn fún mi, àmọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tuntun pọ̀ bí eéṣú, agbára rẹ̀ kò ká a. Ó ra onírọ́bà kan fún mi. Ó dán, ó lẹ́wà, Èkó wà níbẹ̀. Mo wá Ẹ̀pẹ́ títí, n kò rí i, mo sì sọ fún un pé mo rí i.

Lónìí, èmi náà ń ṣètò ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń kọ́ lórí fóònù. Ìwé tí a kà lórí iṣẹ́ yìí sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ológun òkè òkun ló ti gbilẹ̀, àwọn tó ń fi fíìmù kọ́ ọmọ ogun, kí tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà tó wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo kà á, mo yege. N kò rí páànù sítáàṣì níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Màámi papò dà, mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn lọ béèrè glóòbù náà. Yàrá kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti fi ibi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí ṣe. Wọ́n ní ó pẹ́ tí wọ́n ti kó àwọn ẹrù àtijọ́ dànù. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sunkún bí ọmọ pírámárì fóò.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin mi ní kí n fi ibi tí wọ́n bí mi han òun. Ó ṣí máàpù lórí fóònù, ó fi ìka méjì fẹ Ẹ̀pẹ́ títí ó fi gba gbogbo ojú gíláàsì. Ó tóbi ju ti Màámi lọ fíìfíì. Mo sọ fún un pé nígbà tí mo tó o, mo lè di ojú kí n sì rí ilé. Kò gbà. Mo gba fóònù náà, mo di ojú, mo sì fi ìka wá ìlú wa bí mo ti ń ṣe nígbà náà. Gíláàsì ń yọ̀, kò sí ohun tó dá ìka mi dúró.

"Màámi, ẹ ti kọjá ẹ̀," lọmọ mi wí. "Inú omi lẹ wà."