Ìlà Tí Kò Rí Ibi Jókòó

Ọ̀gá wa obìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé l'Ógbómọ̀ṣọ́ ti fi aṣọ rán ìbòrí kan sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tuntun wa. Wọ́n ní bí kò bá lè gba orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ títí di ọjọ́ Ajé, àwọn á bò ó mọ́lẹ̀, kí n padà sídìí taipuráítà mi. Ẹ̀rù bà mí gidi, nítorí mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn ju oúnjẹ lọ.

Èmi ni mo kọ ètò tó ń ya tábìlì orúkọ sójú gíláàsì rẹ̀. Bí mo bá tẹ orúkọ kan, ìlà tuntun á yọ lábẹ́ èyí tó ṣáájú. Ó dùn-ún wò! Ṣùgbọ́n bí tábìlì bá ti kan ìsàlẹ̀ gíláàsì, ìlà tuntun ò níbi jókòó mọ́. Á gun orí èyí tó bá níbẹ̀, á sì pa á rẹ́.

Ní Sátidé, mo fìbínú wọ mọ́tò lọ sílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá mi ní kí n bá àwọn hun aṣọ díẹ̀ kí àwọn lọ kírun. Mo ń hun ún lọ lórí òfì, ọkàn mi ò sí níbẹ̀, títí mo fi ń na gbogbo apá kí n tó kan ibi tí iṣẹ́ dé. Bàbá dé, wọ́n pariwo:

"Àbí o fẹ́ tọ aṣọ lọ sójúde ni? Ká èyí tó o ti hun mọ́ igi tó wà níwájú ẹ, kó o fa òwú wá síwájú ara ẹ!"

Mo fò dìde. "Ẹ ṣeun, Bàbá! Ẹ ṣeun o!"

"Kí ni mo ṣe?"

Mo bi ara mi pé, kí ni mo ń lé ìlà kọ̀ǹpútà lọ sísàlẹ̀ fún? Kí ti òkè ká kúrò lójú láìsọnù, kí tuntun máa jókòó síbì kan náà! Orin ni mo ń kọ nínú mọ́tò títí mo fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, mo tún ètò náà kọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá dé tàwọn tìbòrí. Orí bá mi ṣe é, iná wà. Mo tẹ orúkọ títí tábìlì fi kún. Mo tún tẹ ọ̀kan sí i: gbogbo ìlà sún sókè, tuntun sì jókòó jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀.

Ọ̀gá figbe ta. "Ah-ah! Orúkọ ọmọ mi tó wà lókè ńkọ́? O ti pa á rẹ́!"

"Rárá o, mà. Mo ká a ni."

Mo tẹ bọ́tìnnì kan, ọmọ ọ̀gá sì sọ̀ kalẹ̀ padà. Wọ́n ní kí n dìde lórí àga. Àwọn fúnra wọn wá ń tẹ̀ ẹ́, sókè, sísàlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èmi náà ń jó lẹ́yìn wọn.

Nígbà tó sú wọn, wọ́n mú ìbòrí náà, wọ́n sì fi bo taipuráítà mi.