Ọ́ìlì Dúdú

Kò sẹ́ni tí Abdulganiyu ń fojú tín-ín-rín wò tó ọkùnrin tó lówó ra mọ́tò ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí ọ́ìlì ń gbà wọnú rẹ̀. Aṣọ lòun ń tà ní Sabon Gari, síbẹ̀ bí ọ́ìlì Datsun rẹ̀ bá tó pààrọ̀, á wọ ṣòkòtò àkísà, á rá wọ abẹ́ mọ́tò, á tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì, á sì jẹ́ kí ọ́ìlì dúdú ro tán sínú bàsíà.

Alhaji Yọnúsù, aládùúgbò rẹ̀, á wá dúró tì í nínú agbádá lẹ́ẹ̀sì.

"Haba, Bàbá Sarat! Irú ìyà wo lẹ fi ń jẹ ara yín? Èmi, mẹkáníìkì ní Tukur-Tukur ni mo ń gbé Peugeot mi fún, mo bá tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Abdulganiyu á pòṣé nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dẹ̀ tó wọ lẹ́ẹ̀sì!

Lọ́jọ́ kan, Alhaji yìí kan náà gbé garawa wá. Ikán ti bo igi òrùlé ilé tó ń kọ́ sí Dogarawa, ọ́ìlì dúdú ni wọ́n ní kó fi kùn ún.

"Ẹ bù fún mi nínú tiyín. Àná ni mẹkáníìkì pààrọ̀ tèmi, mo bèèrè èyí tó dà jáde, ó ní kò sí."

Abdulganiyu rìn lọ sídìí Peugeot Alhaji níta. Ó ṣí iwájú rẹ̀, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì àná tó yẹ kó ṣì mọ́ bí oyin dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ gbé garawa yín sábẹ́ ibí, Alhaji. Ọ́ìlì tẹ́ ẹ wá tọrọ rèé."